Ìwé Mojúbàolú Nínú Ààrò Ẹja

"Jù ú síná! Toyyibah, mo ní kí o ju ìwé yẹn síná!"

"Màámi, ìwé ni. Kì í ṣe ejò."

"Ejò sàn jù ú! Ejò a bu ni ṣán, a wọgbó lọ. Èyí tí o gbé dání yẹn, bó bá bu ni ṣán tán, á tún jókòó tì ni, á máa ròyìn fún gbogbo ayé bó ṣe ń dun ni!"

Ọ̀sán gangan ni, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́. Èéfín ẹja ń rú lójú ààrò, èmi àti ìyá mi sì dojú kọra bí àkùkọ méjì. Mo fi ìwé náà pamọ́ sẹ́yìn, mo rò pé eré ni. Kí n tó ṣẹ́jú, Màámi ti já a gbà, ó gbé irin tí wọ́n tẹ́ epìyà lé sókè, ó sì sọ ìwé sínú iná lábẹ́ ẹja. Ìwé tí kò sí irú rẹ̀ mọ́ nílé ìtàwé kankan! Ìwé tí ẹni tó yá mi máa ń fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun!

"Ẹ ò tilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀!" mo pariwo. "Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé kà!"

Èmi ni mo máa ń ka ara páálí oògùn fún ìyá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é lórí fóònù, èmi ló ń na fóònù náà sí pé, "Wo ẹni tó ń pè mí." Obìnrin yìí kan náà na ìka sí iná, ojú rẹ̀ pọ́n koko, ó ní:

"'Ọ̀sà kì í sunkún. Àwa tí à ń gbé etí rẹ̀ là ń bá a sun ún.' Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣé kí n ka ìyókù fún ọ?"

Ẹnu mi là sílẹ̀, kò ṣeé pa dé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Bàbá mi, Alhaji Salman, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùlé, ó ń ja tẹ̀sùbáà. Ó gbójú sókè, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí. 

"Rọ̀kíbátù," ó ní, "iná yẹn máa jó ẹja."

Ohun tó sọ mọ nìyẹn.

"Ta ló fún ọ?" Màámi yí sí mi.

"Mo rà á ni. Ní Ìkòròdú."

"Má rà á mọ́. Ẹni tó bá tún dárúkọ Mojúbàolú Sàlàkọ́ létí mi, kó yáa lọ wá ìyá mìíràn."

Mo dákẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí n dákẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí lọ́jà ẹja mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ ọ̀kan sí mi, wọ́n á gba èlé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí, mo ń wo ìyá tó bí mi, mo ń bi ara mi pé ta nìyí.

* * *

Bí ẹ bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò dìgbà tí mo bá ń sọ ẹni tí Mojúbàolú Sàlàkọ́ jẹ́ fún yín. Nígbà kan rí, àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì, tíṣà á gbà á, tíṣà náà á sì kà á mọ́jú. Nígbà tí wọ́n sọ *Ìyàwó Etí Ọ̀sà* di eré tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí kò ní tẹlifíṣọ̀n á lọ dúró lójú fèrèsé aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi ṣe fíìmù sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àfáà ní ìṣekúṣe ni, pásítọ̀ náà ní ìṣekúṣe ni. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí kò pọ̀ láyé yìí, ṣùgbọ́n wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí Mojúbàolú. Èèyàn gbàgbé rẹ̀. Inú iyàrá kan ní Ìbẹṣẹ ló kú sí, kò sí ìwé ìròyìn tó gbé e.

Èmi fúnra mi, ojú ewé tí wọ́n fi di ẹ̀pà ni mo kọ́kọ́ kà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mo jẹ ẹ̀pà tán, mo padà lọ ra òmíràn, kí n lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin náà. Ojú ewé mìíràn ni wọ́n fi di èkejì. Inú bí mi débi pé mo bá ẹlẹ́pà jà.

Ẹ wá fojú inú wo bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí mo gbé ẹja lọ fún oníbàárà mi kan ní Lasunwọn, ní Ìkòròdú, tí mo rí páálí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kan: *Fíìmù Mojúbàolú Sàlàkọ́. Ọ̀fẹ́ ni.* Mo wọlé tòun tòórùn ẹja. Aṣọ funfun ni wọ́n ta sára ògiri. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò kún àga ìlà iwájú, ọ̀kan nínú wọn sì ń sùn.

Mo jókòó. Lójú fíìmù, apẹja kan dìde nínú ọkọ̀, ó da àwọ̀n. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo:

"Àwọ̀n lẹ̀ ń dà ni, àbí aṣọ lẹ̀ ń sá?"

Ẹni tó ń sùn jí. Àwọn ìyókù bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan dìde nídìí ẹ̀rọ, ó ga, táì ibi iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, fíìmù là ń wò."

"Mo mọ̀. Ẹja náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi bọ́ sínú àwọ̀n yẹn."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ̀ mí wá, ó tẹ̀ ba, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Òótọ́ lẹ sọ. Nínú ìwé, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé, ó kọ́kọ́ fi eyín di etí àwọ̀n mú."

Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí wọ́n ṣe ń dà á nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbé etí omi kò lè mọ èyí. Mo ní, "Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ẹni tó kọ ọ́?"

"Rárá o, ọmọ Ìkòròdú níbí ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni."

Láńre ló ń jẹ́. Eréko, ní Èkó, ló ń lọ ṣiṣẹ́ láràárọ̀, nílé iṣẹ́ adójútòfò. Tó bá ti ibẹ̀ dé, ìwé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń wá kiri. Ó ti rí kásẹ́ẹ̀tì kan ní Ìmọ̀ta tí èbu ti bò, ó ti rí ìwé méjì ní Ìbẹṣẹ tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dúró. Ó fẹ́ ṣe fíìmù náà lọ́tun. "Kí ayé mọ̀ pé ẹni yìí wà rí," ó ní. Mo fi ọdún kan dàgbà jù ú lọ. Nígbà tó gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lójú títì, àwọn ọlọ́kadà sì ń pàtẹ́wọ́. Wèrè ni.

Kò kọ́kọ́ gbà kí n mú ìwé lọ sílé. Ó ń kà á fún mi ni, ó ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí wọ́tsáàpù, orí kan lẹ́yìn òmíràn. Màá fi fóònù sínú búbà, màá máa yí ẹja lórí ààrò, ohùn Láńre á máa sọ̀rọ̀ nínú èéfín. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún un tí kò bá fi ránṣẹ́, ẹja mi á jóná. Màámi á ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Màá ní èéfín ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láńre fẹ́ràn láti máa sọ pé: "Ìwọ gan-an ni ọmọbìnrin inú ìwé yìí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lo ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń bú èèyàn lo ṣe ń bú èèyàn." Lákọ̀ọ́kọ́, orí mi wú. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ṣé èmi ni ọkùnrin yìí ń fẹ́ ni, àbí obìnrin tí ẹnì kan ti fi yíǹkì dá? Mo bi í.

Ó ní, "Obìnrin inú ìwé ò lè rẹ́rìn-ín sí mi."

Mo gbà fún un lọ́jọ́ náà, létí omi ní Ìbẹṣẹ, níwájú ilé tí Mojúbàolú kú sí. Ọjọ́ náà gan-an ló yá mi ní ìwé. Ẹ sì ti mọ ibi tí ìwé parí sí.

* * *

"Ìwé ló jóná, ọkùnrin ò jóná," Àǹtí Mùsílímátù wí.

Àbúrò bàbá mi ni. Kò sí ìgbéyàwó nínú ẹbí wa tí kò ṣe alárinà rẹ̀. Mo mú Láńre lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Màmá fi kórìíra ẹ̀gbọ́n Dádì mi tó bẹ́ẹ̀?" Láńre béèrè.

"Ta ni ò kórìíra ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ nígbà yẹn? Lèmọ́mù wàásù lé e lórí fún odindi oṣù Ààwẹ̀. Ìwọ, kí lorúkọ bàbá rẹ? Má dárúkọ Sàlàkọ́ fún mi o."

"A ò jẹ́ Sàlàkọ́ mọ́, mà. Nígbà tí Dádì di àtúnbí ló yí i padà sí Ìyìnolúwa. Ó ní orúkọ òrìṣà ni. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà."

Àǹtí pàtẹ́wọ́ kan gbàà. "Ọlọ́run ti bá yín ṣe é tán nìyẹn! Láńre Ìyìnolúwa, ọmọ Pásítọ̀. Ó parí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ò sí, kò wà rí."

Mo rí i pé ó dun Láńre. Ọkùnrin tó ń sáré kiri kí ayé lè rántí ẹnì kan, òun náà ni a ní kó gbàgbé ẹni ọ̀hún.

"Irọ́ là ń pa yẹn, Toyyibah," ó ní fún mi níta.

"A ò parọ́. A kàn ò sọ ọ́ ni."

"Ìgbà wo la máa wá sọ ọ́?"

"Tí mo bá ti bí ọmọ fún ọ. Ta ló máa lé ìyá ọmọ padà sílé?"

Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Nígbà tí Láńre wá kí wa ní Ẹ̀pẹ́, Màámi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ó yọ eegun ẹja ọ̀bọ̀kún fún un bí ọmọ kékeré. "Bó ṣe ń fi ara balẹ̀ jẹun wù mí," ó ní. "Ọmọ tí wọ́n tọ́ ni."  Bàámi ń wo Láńre ṣáá, bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ kó tó tu ọkọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó kírun tán, ó pè mí.

"Ṣé ọmọkùnrin yẹn ló fún ọ ní ìwé tí ìyá rẹ sun?"

"Rárá, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò fẹ́ ẹ fún ọ."

Ilé dàrú. Gbogbo ẹbí rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Àfáà wá, ó sọ tirẹ̀. Láńre ránṣẹ́ pé òun á gba kàlìmátù, òun á di Mùsùlùmí, bí Alhaji bá fẹ́. Bàámi ní òun kò fẹ́ síbẹ̀. Ní Ìkòròdú, iná ń jó nílé tiwọn náà: Pásítọ̀ Festus, bàbá Láńre, ní òun kò ní jókòó lójú ayé òun kí ọmọ òun fẹ́ Mùsùlùmí, pàápàá ará Ẹ̀pẹ́. "Etí omi yẹn ló ba ẹ̀gbọ́n mi jẹ́," ó ní. Láńre kò jẹun nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyá rẹ̀ sunkún, Pásítọ̀ sì gbà tipátipá.

Ẹ gbọ́ eré: ìyá mi ló wá bá bàbá mi jà nítorí wa! "Kí lọmọ yẹn ṣe yín? Ọmọ gidi, ọmọ oníwà tútù! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gba tèmi láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, ẹ wá ń gbógun ti ọmọ mi!"

Bàámi wò ó títí. Ó ní, "Rọ̀kíbátù, ṣé o fẹ́ ẹ lóòótọ́?"

"Mo fẹ́ ẹ!"

"Ó dáa. Kí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹni tó bí i."

Mo fò mọ́ ọn lọ́rùn. Kò dì mọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo léjìká mi.

* * *

Wọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Àwọn àgbà díẹ̀, ìyá Láńre, àti Pásítọ̀ Festus, nínú kóòtù dúdú, ojú rẹ̀ le bí ìdí ọpọ́n. Láńre ti sọ fún mi pé òun kò rí eyín bàbá òun rí, àfi tó bá ń fọ̀ ọ́. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ èso kalẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, tiwa gbàdúrà. Àǹtí Mùsílímátù ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú ìrìn o. Òdòdó kan lẹ ní ẹ rí lọ́gbà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó gbọ́ òórùn ẹja ara rẹ̀!"

Mo jókòó sẹ́bàá Bàámi. Láńre ń fi ojú sọ̀rọ̀ sí mi. Ayọ̀ mi kún dẹ́nu.

Màámi kò tíì jáde, ó ń múra. Ìgbà tí wọ́n ní kí ìyá ìyàwó wá kí àna rẹ̀, ó gbé omi tútù wá nínú tíréè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú Pásítọ̀. Pásítọ̀ tẹ̀ síwájú láti gba omi. Màámi gbójú sókè.

"Ẹ̀rínòwọ́n?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ ilé ọkọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ ní orúkọ. Ọjọ́ tó bá ti wọlé ni yóò ti sọ ọ́ ní tirẹ̀, nípa ìwà rẹ̀ tàbí ìrísí rẹ̀. Kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé. Ẹ̀rínòwọ́n! Ẹ wo ojú Pásítọ̀ tó le bí òkúta! Ta ni yóò pe ẹni yìí ní Ẹ̀rínòwọ́n, bí kò ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì ń rẹ́rìn-ín?

"Ìyàwó wa," Pásítọ̀ dáhùn.

Ẹnu rẹ̀ ló dáhùn, kó tó mọ̀. Omi dà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Àǹtí Mùsílímátù yára rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀, ẹ ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Toyyibah ni ìyàwó yín, kì í ṣe ìyá rẹ̀!"

Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Pásítọ̀ Festus ti dìde. Ó nàka sí ìyá mi.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ìyàwó Mojúbàolú. Láti ọdún náà tó ti sọnù! A wá a dé Èjìnrìn, a wá a dé Ìjẹ̀bú-Òde!"

"Wọ́n ní Ìyìnolúwa lorúkọ yín," Màámi ń kùn lórí ìkúnlẹ̀. "Wọ́n ní Ìyìnolúwa ni. Toyyibah, o ò sọ fún mi pé Sàlàkọ́ ni wọ́n."

 Láńre ń wò mí. Mo ń wo ìyá mi. Obìnrin inú ìwé. Òun ló ń bú èèyàn bí mo ṣe ń bú èèyàn. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi eyín di etí àwọ̀n.

"Kí ló dé tí o lọ?" Pásítọ̀ béèrè. "Ọkùnrin náà kò na ọwọ́ sí ọ rí."

"Ó sàn kó nà mí!" Màámi dìde. "Ohun tí mo sọ fún un lórí ẹní, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fara dà á, mo ní kò sí ẹni tó mọ̀ pé èmi ni. Ó tún tà á fún oníṣẹ́ fíìmù! Mo jókòó láàárín èrò, Ẹ̀rínòwọ́n, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí mi lẹ́nu obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde níbẹ̀, mi ò padà sílé mú aṣọ."

"Ó kábàámọ̀ rẹ̀. Kò kọ ìwé mìíràn mọ́ títí ayé rẹ̀." Ohùn Pásítọ̀ wálẹ̀. Gbogbo líle ojú rẹ̀ ti tú. "Àwa tó wà lẹ́bàá rẹ̀ ní Ìbẹṣẹ, ohun kan ló ń bi wá títí tó fi kú, èmi náà yóò sì bi ọ́ lónìí. Ìyàwó wa, oyún tó wà nínú rẹ lọ́jọ́ tí o jáde ńkọ́?"

 Láńre dìde díẹ̀díẹ̀ lórí àga.

Mo wo ẹnu Màámi. Mo bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi, kó forí jì mí, pé kó sọ pé oyún náà wálẹ̀. Kó sọ pé ó bí i, ó kú. Kó sọ ohunkóhun.  Màámi ń wo bàbá mi, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbọ́.

Bàámi kó tẹ̀sùbáà rẹ̀ sápò. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré.

"Pásítọ̀," ó ní, "òun náà lẹ gbé apẹ̀rẹ̀ wá fẹ́ yìí."